Ìbòmú fáwọn tó ń fọwọ́ kan bẹntiróòlù: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló kàn ń bo imú lásán?

Ọjà mẹ́fà la gbé yẹ̀ wò níbí, torí àwọn tó ń ta epo nílé epo, àwọn mẹkáníìkì, àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò, àwọn aṣebàtà tó ń lo gọ́ọ̀mù àti àwọn tó ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Àwọn ọjà náà ni ìbòmú búlúù táwọn nọ́ọ̀sì ń lò, ìbòmú eruku tí wọ́n ń pè ní N95, ìbòmú aṣọ tí wọ́n ní èédú wà nínú ẹ̀, ìbòmú rọ́bà alágolo méjì, ìbọ̀wọ́, àti pọ́ǹpù ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa epo. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: mẹ́ta àkọ́kọ́ ò wúlò rárá fún ooru epo, ìyẹn epo tó ti fẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìkẹrin wúlò gan-an fẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lò, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń rà á ò mọ̀ ọ́n lò. Pọ́ǹpù tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ náwó lé.

Ohun tá à ń sá fún ni kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ benzene. Inú bẹntiróòlù ló wà. Ní Yúróòpù, òfin ò gbà kó ju 1 lọ nínú 100. Ní Amẹ́ríkà, ìpíndọ́gba tí ìjọba fàyè gbà láti 2011 ni 0.62 nínú 100. Ó jọ pé kò tó nǹkan, àmọ́ benzene kì í dúró jẹ́ẹ́. Omi ń dúró dìgbà tó bá gbóná dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó hó, 80 ni benzene ti ń hó, torí náà gbàrà tí wọ́n bá ti ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì ló ti ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ooru ẹ̀ sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní méjì ààbọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀ sílẹ̀, tó ń kóra jọ sínú kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ láti wo abẹ́ mọ́tò.

Téèyàn bá fà á símú, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, àmọ́ àwọn nǹkan tó ń jáde látinú ẹ̀ burú ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ á gbé wọn dé mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an, wọ́n á sì máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ìyá ẹ̀jẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Nígbà míì, ẹ̀jẹ̀ á kàn máa dín kù. Nígbà míì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, sẹ́ẹ̀lì tó ti bà jẹ́ á máa pọ̀ sí i láìgbọ́ràn sára lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, leukemia. Irú tí wọ́n ń pè ní AML, tó máa ń yára pọ̀, ni ẹ̀rí tó so ó mọ́ benzene lágbára jù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àjọ IARC, tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kọ benzene sí ìsọ̀rí 1, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ féèyàn. Ní 2025, wọ́n fi bẹntiróòlù mọ́tò fúnra ẹ̀ kún un. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ àti AML ni wọ́n dárúkọ.

Ẹ̀rí yìí, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ti wá. Ní Istanbul, dókítà ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ Muzaffer Aksoy kọ̀wé ní 1974 lórí àwọn aṣebàtà tí benzene wà nínú gọ́ọ̀mù wọn: 26 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣáájú ẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà pẹlẹbẹ ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ṣọ́ọ̀bù aṣebàtà ṣe máa ń há, tí agolo gọ́ọ̀mù á ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò ní bi wá léèrè ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Istanbul.

Kẹ́nikẹ́ni má fi èyí dẹ́rù ba ara ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa dàgbà dárúgbó láìní àrùn yìí. Ọ̀pọ̀ tó sì ní in, kò sí dókítà tó lè tọ́ka sóhun tó fà á. Iye tó ń wọlé sára àti iye ọdún tó fi ń wọlé ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ dárúkọ sìgá ká tó dé orí ọjà kankan. Benzene wà nínú èéfín sìgá, ìròyìn ọ̀gá àgbà ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní 2004 sì ti là á mọ́lẹ̀ pé sìgá mímu ń fa AML. Ẹni tó bá ra ìbòmú olówó gọbọi, tó ń fà á sí ọrùn kó lè tan sìgá tó bá ń sinmi, kó yáa tọ́jú owó ẹ̀. Ká má tíì sọ ti iná.

Ìbòmú búlúù kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n ṣe é kí itọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ má bàa ta sára ẹlòmíì. Kò lẹ̀ mọ́ ojú, kò sì sí ohunkóhun nínú ẹ̀ tó lè mú ooru dúró. N95 dára jù ú lọ fíìfíì fún eruku, torí ó kéré tán, 95 nínú 100 hóró eruku kéékèèké ló ń mú. Àmọ́ eruku ní hóró, ooru epo ò ní. Ẹni tó wọ N95 nídìí bẹntiróòlù dà bí ẹni tó fẹ́ fi asẹ́ gàrí gbọn omi. Àléébù míì tún wà tí ọ̀pọ̀ ò fura sí: tí epo bá ta sí i, aṣọ ẹ̀ á mu ún, èèyàn á wá gbé epo lé imú títí iṣẹ́ á fi parí. Ibi tá a ti lè yìn ín ni ọ̀dọ̀ panẹ́ẹ̀bítà tó ń fi sáńpépà ha ara mọ́tò. Eruku ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ N95.

Tí wọ́n bá ní ká mú ọjà kan kúrò lórí àtẹ, ìbòmú aṣọ eléèédú la máa mú. Èédú wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ imú wọlé láìkàn án rárá. Gbogbo ohun tó lè ṣe ò ju pé kó dín òórùn kù fúngbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òórùn ló ń lé èèyàn kúrò nídìí kẹ́ẹ̀gì! Tí òórùn bá lọ, èèyàn á jókòó tì í. Imú fúnra ẹ̀ ò sì ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀. Òté tí OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ fún benzene ni ìdá 1 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́, àti 5 fún ìṣẹ́jú 15. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ níbẹ̀, tiẹ̀ ní kó má ju 0.1 lọ fún ọjọ́ iṣẹ́ kan. Tí benzene bá wà ní ìdá 1 péré, ọ̀pọ̀ imú ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀. Ìgbà tí imú bá fi máa gbọ́ ọ, ó ti kọjá òté.

Èyí tó tó ọjà rà ni ìbòmú rọ́bà tó bo imú àti ẹnu pọ̀, tí agolo asẹ́ kan wà lọ́tùn-ún, tí ọ̀kan wà lósì. A fi 3M oní-6000 ṣe àpẹẹrẹ: 6100 ni ti ojú kékeré, 6200 ti àárín, 6300 ti ojú ńlá, agolo 6001 ni wọ́n ń lò pẹ̀lú ẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ míì náà ń ṣe irú ẹ̀, àmọ́ ẹ má fipá ki agolo ti ọ̀kan bọ ti èkejì.

Ara agolo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ní ìlànà Amẹ́ríkà, àmì dúdú ni ti ooru epo, tínà àti gọ́ọ̀mù. Ní ìlànà Yúróòpù, àwọ̀ búráùn ni, lẹ́tà A á sì wà níbẹ̀. Tí ọlọ́jà bá gbé èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó pọ́n bíi pínǹkì, tí wọ́n kọ 2091 tàbí P100 sí fún yín, eruku nìkan nìyẹn wà fún. Ó dára púpọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀, ooru bẹntiróòlù kọ́ niṣẹ́ ẹ̀. Lára agolo dúdú tí NIOSH fọwọ́ sí, ẹ máa rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TC-23C. TC-84A ni wọ́n ń kọ sára N95. Kí ọ̀rá ẹ̀ má tíì já, kí ọjọ́ tó máa pé lórí ẹ̀ má sì tíì kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sétí kẹ́ ẹ mì ín. Èédú inú agolo tó dára há mọ́ra, kì í ró. Tó bá ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àyè ti wà láàárín èédú náà, ooru á gbabẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ dá a padà.

Èédú yìí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń yan ẹran. Wọ́n ti sè é títí ara ẹ̀ fi di kìkì ihò tójú ò lè rí, ara ihò yẹn sì ni ooru epo ń lẹ̀ mọ́. Tí ihò bá kún, agolo ti kú nìyẹn, kò ní yí àwọ̀, kò ní ró, kò sì ní wúwo lọ́wọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ náà máa ń bá epo du ihò ọ̀hún, torí náà nígbà òjò l'Ékòó, agolo máa ń tètè kún ju bó ṣe máa ń kún níbi tó gbẹ. Òfin OSHA lórí benzene le níbí: bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ti pààrọ̀ agolo, àfi tó bá ti kú ṣáájú ìyẹn.

A mọ̀ pé kò sí mẹkáníìkì kan ní Ládípọ̀ tó máa ra agolo tuntun láràárọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kéèyàn ṣọ́ ọ lò. Ẹ má gbé e wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi í pa mọ́ de iṣẹ́ tó bí i: tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú táńkì epo, tẹ́ ẹ bá ń fọ kábúrétọ̀, tẹ́ ẹ bá ń rọ epo láti kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíì, tẹ́ ẹ bá ń po tínà mọ́ ọ̀dà. Bí iṣẹ́ yẹn bá ti parí, ẹ yí agolo kúrò, kẹ́ ẹ dè é pinpin sínú ọ̀rá méjì tàbí ike tó ní ìdérí tó le. Agolo tó so kọ́ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ń fa ooru lọ ni, ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ ò wọ̀ ọ́ o. Ooru tó lẹ̀ mọ́ èédú lánàá sì lè ráyè rìn mọ́jú dé apá inú, kó wá jẹ́ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ fà símú láàárọ̀. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i sára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn epo nínú ẹ̀ báyìí, ẹ jáde sí gbangba, kẹ́ ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀, torí ó ti ṣe díẹ̀ tó ti kú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó wọn. Ẹ gbé agolo sí ẹnu ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ yí i sí apá ọ̀tún díẹ̀ títí á fi dúró. Okùn òkè lọ sí àtàrí, okùn ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọrùn, kẹ́ ẹ wá fa ti òkè le kẹ́ ẹ tó fa ti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àtòsì lẹ́ẹ̀kan náà kó má bàa wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò tí èémí ń gbà jáde níwájú, kẹ́ ẹ mí síta jẹ́jẹ́: ìbòmú gbọ́dọ̀ wú díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má sì jò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ẹ wá bo agolo méjèèjì, kẹ́ ẹ fa èémí sínú: ó gbọ́dọ̀ fà mọ́ ojú, kó dúró bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ẹ tún un wọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lẹ máa ṣe méjèèjì, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Irùngbọ̀n ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Irun tí wọ́n fá ní ijẹ́ta ti tó láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà. Ẹni tí ìlà ojú ẹ̀ jìn, tàbí tí àpá wú lẹ́rẹ̀kẹ́, kó fara balẹ̀ dán an wò, kó sì gbìyànjú nọ́ńbà míì tó bá ń jò. Híjáàbù àti fìlà, orí okùn ni kí wọ́n wà. Aṣọ kankan ò gbọ́dọ̀ há sáàárín rọ́bà àti ara. Ihò èémí iwájú yẹn ní awẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré kan nínú. Tí irun orí kan ṣoṣo tàbí ọ̀dà gbígbẹ bá há sábẹ́ ẹ̀, kò ní lè pa dé, ẹ ó sì máa fa ooru wọlé láìgba inú agolo. Ẹ ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ la fi ń fọ rọ́bà náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ agolo kúrò. Ẹni tó bá fi tínà nù ún, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ bà á jẹ́.

Ẹjọ́ tá a ní lọ́wọ́ ẹ̀ ò kéré. Ó ń mú ojú làágùn, kò sì jẹ́ kọ́rọ̀ yéni; ẹni tó ń ta epo tó sì gbọ́dọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ á máa fà á sílẹ̀ ṣáá, ìbòmú tí wọ́n ń fà sílẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọn ò wọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí atẹ́gùn lè máa gbé ooru ẹnu táńkì lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, kó má sì fi kún epo mọ́ bí ẹnu rọ́bà bá ti gé e fúnra ẹ̀, á jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára ìbòmú yìí náà ní òté: ìlọ́po mẹ́wàá òté OSHA ló lè gbà, ìyẹn ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ wọ inú táńkì mọ́tò agbépo lọ fọ̀ ọ́, torí kò lè fún yín ní afẹ́fẹ́ níbi tí kò bá sí. Kò sì lè dá carbon monoxide tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ dúró, gáàsì tó lè pani láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni ibùgbé ẹ̀, ó jìnnà sí fèrèsé.

Ní ti ìbọ̀wọ́, ẹ fi èyí tó funfun bíi ti ilé ìwòsàn sílẹ̀. Latex máa ń wú tí bẹntiróòlù bá kàn án, epo á sì gba inú ẹ̀ kọjá. Nitrile, tó sábà máa ń jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, ló yẹ. Àmọ́ èyí tó fẹ́lẹ́ nínú wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni benzene fi ń gba inú ẹ̀ já, kódà tí ojú ò bá rí ihò kankan. Tí epo bá ti ta sí i, ẹ bọ́ ọ jù nù. Ẹ lo èyí tó nípọn, tó gùn dé ìdajì apá, fún fífọ nǹkan. Ó ṣì máa ń ya wá lẹ́nu pé mẹkáníìkì á ra ìbọ̀wọ́ gidi, á bọ́ ọ tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, á wá da bẹntiróòlù sí àtẹ́lẹwọ́ láti fi fọ gíríìsì. Ṣíbí òróró kan tó gírísì yẹn. Ẹ fi pa ọwọ́ gbígbẹ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ákísà nù ún, ẹ wá fi ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́. Irin náà, ẹ lè fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dípò bẹntiróòlù. Benzene inú ẹ̀ kéré gan-an sí ti bẹntiróòlù.

Pọ́ǹpù ọwọ́ ló kàn. Rọ́bà rogodo kan ni, tí ọ̀pá rọ́bà kan wà níwájú ẹ̀, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnu, ohun tá a fi gbé e ga nìyẹn. Ẹni tó ń fẹnu fa epo ń gba benzene lọ́nà méjì, látinú imú àti látinú ikùn, tí epo bá sì ṣèèṣì gba ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò ní dúró de ọ̀pọ̀ ọdún kó tó pa á. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó ní epo ga ju èkejì lọ. Ẹ wo ọfà tó wà lára rogodo, ibi tó kọjú sí ni epo ń lọ. Ẹ fọwọ́ fún un ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tí epo bá ti ń ṣàn, ẹ fi í sílẹ̀, fúnra ẹ̀ ló máa ṣàn lọ. Láti dá a dúró, ẹ fa ọ̀pá òkè jáde kúrò nínú epo kí ìsàlẹ̀ tó kún. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni ọ̀pá rọ́bà funfun tó máa ń gan tó bá ti pẹ́ nínú epo, tó ń là lẹ́nu, afẹ́fẹ́ á wá máa wọlé, epo ò sì ní wá. Ẹ gé ẹnu tó gan sọnù, kẹ́ ẹ tún un kì. Kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ọlọ́jà, ẹ fi omi dán an wò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó kan epo.

Ẹni tó ti ń fọwọ́ kan epo fún ọ̀pọ̀ ọdún, ká ní ó ra gbogbo èyí tá a kà sílẹ̀, kó ṣì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FBC lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó tọ́jú ìwé ti ọdún kọ̀ọ̀kan pa mọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun, sẹ́ẹ̀lì pupa àti platelet tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ni dókítà máa wò, bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún ni ohun tó ṣe pàtàkì. Kó sọ fún dókítà pé bẹntiróòlù lòun ń bá ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè.

Agolo tó ti kú ńkọ́? Ẹ má jù ú sórí ààtàn bó ṣe wà. Ẹ fi ìṣó lu ú ní ihò mẹ́ta, mẹ́rin, kẹ́ ẹ dè é sínú ọ̀rá. Àwọn tó ń ṣa ike ò mọ̀ bóyá ó ti kú, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn náà ò ní mọ̀.